Kí Asọ̀rọ̀mágbèsì Wá Máa Gba Èsì: Ọ̀rọ̀ fún Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Ṣe Pódíkáàsì

 

Láti ìgbà díẹ̀ sẹ́yìn, ìbéèrè kan náà ló ń wọ ọ́fíìsì wa láti ẹnu oríṣiríṣi èèyàn. Àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ń bi wá, àwọn ìyá tó ń pàdé lẹ́yìn ìsìn ń bi wá, àwọn ọmọ yín tó wà ní yunifásítì náà ń bi wá. Wọ́n ní, “A ti dá pódíkáàsì sílẹ̀. À ń sọ̀rọ̀, à ń sọ̀rọ̀, kò sí ẹni tó dá wa lóhùn. Kí ni ká ṣe?” Kì í ṣe pé àwa mọ̀ ọ́n tán o. Àwa náà jìyà rẹ̀ ni, ohun tí ìyà yẹn kọ́ wa la fẹ́ bá yín sọ, nítorí ẹni bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Àwọn àgbà wa ti fún ìṣòro yìí lórúkọ kí a tó bí ọ̀pọ̀ nínú wa. Ní ọdún 1935 ni Rediffusion wọ Èkó, ó dé Ìbàdàn ní 1939. Àpótí kékeré ni. Wáyà ni wọ́n fi ń fà á wọlé, oṣooṣù ni èèyàn ń san owó rẹ̀, ohun tí wọ́n bá sì gbé wá náà ni ẹ ó gbọ́. Nígbà tí rédíò wá gbilẹ̀, àwọn èèyàn wa pè é ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Ó ń sọ tirẹ̀, kò dúró gbọ́ tẹni kankan. Ẹ lè máa bú u, ẹ lè máa yìn ín, kò kàn án.

Bẹ́ẹ̀, àṣà tiwa kọ́ nìyẹn rárá. Ẹni tó ń pàlọ́ kì í bẹ̀rẹ̀ títí àwọn tó jókòó yóò fi dá a lóhùn. Tó bá ní “Àlọ́ o!”, tí ohùn wọn kò dún dáadáa, á tún un pè. Bí orin bá sì dé, àwọn ni yóò gbe é. Àwọn tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ pódíkáàsì lónìí ń pe èyí ní ìmọ̀ tuntun, wọ́n ń gbowó lé e lórí. Ìyá àgbà yín mọ̀ ọ́n láìwo ìwé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣàlàyé bí nǹkan náà ṣe ń ṣiṣẹ́, torí ibẹ̀ ni àléébù rẹ̀ wà. Akọ̀ròyìn kan, Ben Hammersley, ló kọ orúkọ náà sínú ìwé ìròyìn Guardian ní oṣù kejì ọdún 2004. Ó so orúkọ iPod mọ́ ọ̀rọ̀ òyìnbó tó túmọ̀ sí ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́. (iPod fúnra rẹ̀ ti kúrò lọ́jà, Apple kéde ní 2022 pé àwọn kò ní ṣe é mọ́. Orúkọ tó fi sílẹ̀ ló kù.) Ẹ ó gba ohùn yín sílẹ̀, ẹ ó gbé e sọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ kan tó ń bá èèyàn tọ́jú irú rẹ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á sì fún yín ní àdírẹ́sì tí wọ́n ń pè ní RSS. Àdírẹ́sì yẹn ni Apple, Spotify àti àwọn yòókù ń yẹ̀ wò látìgbàdégbà. Tí wọ́n bá rí i pé tuntun ti dé, wọ́n á gbé e fún ẹni tó ti ní kí wọ́n máa gbé e fún òun.

Ẹ ṣé ẹ rí i? Ọ̀nà yẹn lọ, kò bọ̀. Kò síbi tí ohùn olùgbọ́ ń gbà padà sọ́dọ̀ yín nínú rẹ̀. Lóòótọ́, Spotify ti fàyè sílẹ̀ láti 2024 kí èèyàn kọ èrò rẹ̀ sábẹ́ ètò, ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn ìyá wa ná, mélòó nínú wọn ló ń ṣí Spotify kọ nǹkan? Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa la ọ̀nà àbọ̀.

Àwa kò mọ èyí nígbà tí a bẹ̀rẹ̀. Ètò wa dá lórí owó ìrànwọ́, ilé-ìwé àwọn ọmọ, lẹ́tà káńsù, irú àwọn nǹkan tí ẹ̀ ń kà nínú ìwé ìròyìn yìí. Ní ìparí ètò kọ̀ọ̀kan a máa ń sọ pé, “Ẹ fi ìméèlì ránṣẹ́ sí wa, ẹ jẹ́ ká mọ èrò yín.” Ètò mẹ́fà lọ báyìí, kò sí ẹyọ ìméèlì kan. A bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wa léèrè bóyá ẹnikẹ́ni ń gbọ́.

Ní Sátidé kan, ọ̀kan nínú wa lọ ra iṣu ní Rye Lane ní Peckham. Ìyá kan tí wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbọ́ tó ń ná iṣu, wọ́n bá yíjú sí i. “Ohùn yìí! Ṣé ìwọ kọ́ lo máa ń sọ̀rọ̀ nínú fóònù mi?” Ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó ní òun ni mà. Ìyá ní, “Mo máa ń dá yín lóhùn nínú bọ́ọ̀sì o. Ẹ̀yin ni ẹ kì í gbọ́.”

Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni ìyá yìí ń ṣe lóru, inú bọ́ọ̀sì òwúrọ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ wa. Nínú ọ̀kan nínú àwọn ètò wa, a sọ pé bí wọ́n bá ṣe ìpinnu tí kò tẹ́ èèyàn lọ́rùn lórí Universal Credit, oṣù kan ló ní láti sọ pé kí wọ́n tún un yẹ̀ wò. Bẹ́ẹ̀ wọ́n ti gé owó ti ìyá yìí. Wọ́n gbọ́ “oṣù kan” yẹn dáadáa, ṣùgbọ́n kò yé wọn bóyá láti ọjọ́ tó wà lórí ìpinnu náà ni àbí láti ọjọ́ tí wọ́n tó rí ẹni bá wọn kà á. (Láti ọjọ́ tó wà lórí ìpinnu ni o.) Wọ́n fẹ́ bi wá. Ìméèlì la ní kí èèyàn kọ, wọn kì í kọ ìméèlì. Nígbà tí wọ́n fi bá ẹni wa pàdé nídìí iṣu, oṣù kan ti di oṣù mẹ́ta. Òfin ṣì fàyè sílẹ̀ títí dé oṣù mẹ́tàlá fún ẹni tó bá ní ìdí gúnmọ́ tó fi pẹ́, a sì bá wọn kọ ọ́. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta tí wọ́n fi ń yá owó ilé san, ọrùn tiwa ló wà. A sọ̀rọ̀, a kò gbèsì.

Láti ọjọ́ yẹn la ti yí ọwọ́ padà. Ohun àkọ́kọ́, a ra káàdì fóònù kan tó jẹ́ ti ètò náà nìkan, a gbé WhatsApp sí i, a sì ní kí àwọn èèyàn fi ohùn ránṣẹ́. Ẹni tí kò lè kọ Yorùbá, tí kò fẹ́ kọ Gẹ̀ẹ́sì, á tẹ bọ́tìnì, á sọ̀rọ̀. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni ohùn ti ń wọlé. Omíràn gùn bí ìwàásù, omíràn wá láti ilé ìdáná, ẹ ó máa gbọ́ ata tó ń dín lábẹ́ rẹ̀. A fẹ́ràn ìyẹn gan-an.

Ohun kejì ni ìbéèrè fúnra rẹ̀, èyí la sì rò pé ó ṣe pàtàkì jù. “Ẹ sọ èrò yín” kì í ṣe ìbéèrè. Kò sí ẹni tó mọ èrò wo lẹ̀ ń wá. Nígbà tí a ṣe ètò lórí ilé-ìwé, a bi wọ́n pé, “Ta ló kọ́kọ́ bá yín wá ilé-ìwé fún ọmọ yín ní ìlú yìí, kí ló sì fi sílẹ̀ tí kò sọ fún yín?” Háà! Èsì tó wọlé, a kò lè gbọ́ ọ tán lọ́jọ́ kan. Ẹnì kan ní ẹ̀gbọ́n òun kò sọ fún òun pé ọjọ́ tí wọ́n ń gba fọ́ọ̀mù máa ń kọjá. Òmíràn ní aládùúgbò òun, òyìnbó, ló bá òun ṣe gbogbo rẹ̀. Ìbéèrè tí èèyàn lè fi ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i dáhùn ni kí ẹ bèèrè. Ẹ bèèrè ẹyọ kan, kó má ju ìyẹn lọ.

Ẹ má sì fi ìbéèrè náà sí ìparí. Ẹ̀rọ Apple àti ti Spotify ń fi han ẹni tó ni ètò, lọ́fẹ̀ẹ́, ibi tí àwọn olùgbọ́ ń dé kí wọ́n tó já sílẹ̀. Nígbà tí a yẹ tiwa wò, ojú tì wá. Ọ̀pọ̀ ti lọ kí a tó kí gbogbo ènìyàn tán, torí ìkíni wa nígbà náà gùn ju ti alága ìjókòó lọ. Àárín ètò la ń gbé ìbéèrè sí báyìí, nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì gbóná, a sì tún un sọ kí a tó kúrò. Ìkíni ti di gbólóhùn méjì.

Nítorí a ti mẹ́nu kan ẹ̀rọ, ẹ má jẹ́ kí iye tí wọ́n ń pè ní “download” tàn yín jẹ. Ìlànà tí àwọn onípolówó ń lò ni pé, bí fóònù bá ti fa ohun tó tó ìṣẹ́jú kan wọlé nínú ètò, ó ti di ẹyọ kan. Ó lè jẹ́ pé ẹni náà ti sùn lọ. Ó lè jẹ́ pé fóònù ló dá a fà wọlé lóru, tí kò sẹ́ni tó ṣí i títí dòní. Ohùn mẹ́wàá tó wọlé sórí WhatsApp wù wá ju ọgọ́rùn-ún irú èyí lọ.

Ohun kan tó tún ń lé àwọn èèyàn wa sẹ́yìn ni ọ̀rọ̀ “Subscribe”. Wọ́n rò pé tí àwọn bá tẹ̀ ẹ́, owó á máa jáde nínú báńkì àwọn lóṣooṣù, a ò sì lè dá wọn lẹ́bi. Apple pàápàá yí i padà sí “Follow” ní 2021. Ẹ máa sọ ọ́ ketekete nínú ètò yín: ẹ tẹ “Follow”, kò gba kọ́bọ̀.

Ẹni tó bá fi ohùn ránṣẹ́, ẹ tètè dá a lóhùn. Àwa kì í jẹ́ kó kọjá ọ̀sẹ̀ kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé “A ti gbọ́, à ń wádìí” péré la máa sọ. Ètò tó tẹ̀ lé e, ohùn àwọn olùgbọ́ la fi ń bẹ̀rẹ̀, ìgbà yẹn ni tiwa ó tó dé. Bí èèyàn bá gbọ́ ohùn ẹnì kan tó dà bíi tirẹ̀, tó ń ṣìṣe nínú Gẹ̀ẹ́sì bíi tirẹ̀, òun náà á sọ̀rọ̀. A ní kí olúkúlùkù mú orúkọ tó wù ú. A ní Bàbá Òru, a ní Ìyá Ẹlẹ́ja, ẹnì kan sì wà tó ń pe ara rẹ̀ ní Kò-Sí-Wàhálà tó jẹ́ pé wàhálà nìkan ló máa ń sọ.

Ọ̀rọ̀ orúkọ yìí, ìyà ló kọ́ wa. Obìnrin kan fi ohùn ránṣẹ́ sí wa nípa ohun tí ojú rẹ̀ ń rí nínú ilé ọkọ. Ó ní ká gbà á nímọ̀ràn. A kò gbé ohùn rẹ̀ jáde, a kò pe orúkọ rẹ̀, a rò pé a ti ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n a ka ọ̀rọ̀ náà, a mẹ́nu kan iye ọmọ rẹ̀, irú iṣẹ́ tó ń ṣe àti ìlú tó ti wá. Ẹ mọ bí àwa Yorùbá ṣe rí ní ìlú yìí: kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ìjọ rẹ̀ ti mọ̀ pé òun ni. Ẹyin lọ̀rọ̀. A lọ bẹ̀ ẹ́, ó gbà, ṣùgbọ́n kò tún fi ohùn ránṣẹ́ sí wa mọ́, a kò sì ní sọ pé ó jẹ̀bi.

Òfin pàápàá wà lórí èyí. Lábẹ́ Data Protection Act ti 2018, ohùn èèyàn àti ìtàn tí a fi lè dá a mọ̀, tirẹ̀ ni. Ohun tó bá kan àìsàn tàbí ẹ̀sìn tilẹ̀ ní ààbò tó le ju ti àwọn yòókù lọ. Báyìí la ṣe ń ṣe é: kí a tó gbé ohùn ẹnikẹ́ni jáde, a máa bi í léèrè, “Ṣé ẹ fẹ́ ká gbé e síta?”, òun náà á sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ “bẹ́ẹ̀ ni” sínú WhatsApp kí ẹ̀rí wà. Tó bá yí ọkàn padà lọ́la, a óò yọ ọ́. Èyí tí a kò bá lò, a máa ń pa á rẹ́, a kì í tọ́jú rẹ̀ sínú fóònù. Ọ̀rọ̀ ilé ọkọ, a kì í tún fi ṣe ètò mọ́. Ẹni tó bá bi wá, a máa pè é padà, a ó sì tọ́ka rẹ̀ sọ́dọ̀ àwọn tó mọ iṣẹ́ yẹn.

WhatsApp náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Tí ẹ bá kó àwọn olùgbọ́ yín jọ sínú “group”, olúkúlùkù ló máa rí nọ́ńbà gbogbo àwọn tó kù. Ìyàwó tó sá kúrò nílé, ẹni tó ní gbèsè lọ́rùn, ẹ kò mọ ẹni tí ẹ ń fi nọ́ńbà rẹ̀ hàn. “Broadcast list” kò fi nọ́ńbà han ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n 256 èèyàn ló mọ, ẹni tí kò bá sì tọ́jú nọ́ńbà yín sínú fóònù rẹ̀, kò ní rí i gbà rárá. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀, wọ́n á ní “A fi ránṣẹ́ sí gbogbo yín”, gbogbo yín kò rí nǹkan kan. “Channel”, tí wọ́n gbé jáde ní 2023, ló gba èrò púpọ̀, àwọn olùgbọ́ kò sì rí nọ́ńbà ara wọn níbẹ̀.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa o, ẹ̀yin atọ́kùn. Lọ́jọ́ tí èsì bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, ìdajì rẹ̀ máa jẹ́ ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú. “Fisà mi fẹ́ parí, kí ni kí n ṣe?” Àánú wọn á ṣe yín, ẹ ó fẹ́ dáhùn. Ẹ dúró ná! Òfin Immigration and Asylum Act ti 1999 sọ pé ẹni tó bá ń gba èèyàn nímọ̀ràn lórí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bí iṣẹ́, yálà ó gbowó tàbí kò gbowó, ó gbọ́dọ̀ ti forúkọ sílẹ̀, àfi tó bá jẹ́ lọ́yà tàbí ẹlòmíràn tí òfin yọ̀ọ̀da fún. Ọ́fíìsì tó ń mójú tó o ni OISC tẹ́lẹ̀, wọ́n ti yí orúkọ rẹ̀ sí Immigration Advice Authority ní oṣù kìíní 2025. Ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn ni láti rú òfin náà, pé ẹgbẹ́ aláàánú ni yín kò sì ní gbà yín sílẹ̀. Ẹ lè sọ ohun tó kan gbogbo ènìyàn, bíi pé káàdì BRP ti kógbá sílé, eVisa orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló rọ́pò rẹ̀, ìjọba sì ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é sórí GOV.UK. Ṣùgbọ́n “ìwọ, nínú ọ̀rọ̀ tìẹ, ṣe báyìí”, ibẹ̀ ni kí ẹ ti dákẹ́. Ẹ fún un ní ọ̀nà tó máa gbà rí ẹni tó forúkọ sílẹ̀. A mọ àwọn tí ẹni tí kò mọ̀ gbà nímọ̀ràn, tí ọjọ́ fi kọjá lórí ìwé wọn. Kò sí ẹ̀bẹ̀ tó lè dá irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ padà.

Ti orin kò gùn. Ẹ má kàn fi àwo Ebenezer Obey bẹ̀rẹ̀ ètò nítorí pé ẹ rà á. Ẹni tó kọ orin ní ẹ̀tọ́, ẹni tó ni àwo náà ní ẹ̀tọ́, àwọn méjèèjì lẹ máa tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn. Ẹ wá ọmọ tó mọ gángan lù nínú ẹgbẹ́ yín, ẹ gba tirẹ̀ sílẹ̀, kó sì fọwọ́ sí i.

Àwọn ará ilé náà ń gbọ́ o. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń fi ètò ránṣẹ́ sí ìyá yín ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ìjẹ̀bú-Òde, dátà sì wọ́n lọ́wọ́ wọn. Ètò ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí a ṣe ní 128 kbps máa jẹ dátà tó nǹkan bí 29 MB. Tí ẹ bá ṣe é ní 64 kbps, ní mono, á dín sí nǹkan bí 14 MB, ọ̀rọ̀ ẹnu á ṣì já gaara. Fún ètò tó jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán, a kò rí ìdí tí ẹ fi máa lò jù bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ kí wọ́n pè yín ní tààrà, ẹ rántí pé láti òpin oṣù kẹta dé òpin oṣù kẹwàá, aago tiwa àti ti Nàìjíríà dọ́gba. Lásìkò òtútù, wọ́n fi wákàtí kan ṣáájú wa, ìyá yín lè ti sùn.

Lórí èdè, àwa fúnra wa jiyàn. Àwọn kan ní kó jẹ́ Yorùbá ponbele, àwọn kan ní àwọn ọmọ kò ní gbọ́. Ibi tí a fi sí ni pé kí atọ́kùn sọ Yorùbá, kí olùgbọ́ sọ bó ṣe mọ̀ ọ́n sọ, a kì í sì tún èdè ẹnikẹ́ni ṣe níwájú ayé. Ọmọ tí ẹ bá fi ṣẹ̀sín lẹ́ẹ̀kan, kò ní ya ẹnu mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má máa sọ “o ṣé tí o pè wá” fún ẹni tó bí yín lọ́mọ. Bàbá kan dá ohùn wọn dúró láàárín ọ̀rọ̀ nítorí “o” kan ṣoṣo.

Ètò wa tó ń bọ̀ dá lórí lẹ́tà. Ìbéèrè wa rèé: irú lẹ́tà wo ló wọlé yín lọ́dún yìí tó jẹ́ pé ẹ gbé e sórí fíríìjì, torí pé ẹ̀rù ń bà yín láti kà á? Ẹ má fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ o, ẹ kàn sọ irú èyí tó jẹ́ àti ohun tí ẹ ṣe sí i. Nọ́ńbà WhatsApp ètò náà wà lẹ́yìn ìwé ìròyìn yìí. Ẹni tí kò bá ní WhatsApp, kó yà bá wa ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ Ẹtì, a máa gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Tíì wà nílẹ̀.